Ohun Tó Borí Kò Pa Èkejì Rẹ̀

Bí Yorùbá bá ní ẹnì kan borí ẹlòmíràn, ogun tàbí ìjàkadì ló ń wá sí ọkàn: ẹnì kan dúró, ẹnì kejì ṣubú. Ìtumọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé wọ inú ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Láàárín ọdún 1856 sí 1863, Gregor Mendel, àlùfáà ìjọ Àgùdà ní ìlú Brno, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Czech lónìí, ń gbin irú ẹ̀wà roboto kan sínú ọgbà. Ó mú èyí tí kóró rẹ̀ pupa bí ìyeyè, ó dà á pọ̀ mọ́ èyí tí kóró rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Gbogbo kóró tí wọ́n so ló dà bí ìyeyè. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní àwọ̀ ewé ti parun. Mendel kò dúró. Ó tún gbin àwọn kóró náà, ó jẹ́ kí wọ́n so fúnra wọn, ó sì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: 6,022 dà bí ìyeyè, 2,001 ní àwọ̀ ewé. Ó pe àwọ̀ kìíní ní èyí tó borí; èkejì kàn fara pamọ́ ni. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1866, ṣùgbọ́n ó ti kú láti 1884 kí ayé tó mọ iyì rẹ̀ ní 1900.

Àwọn olórin Yúróòpù ti ń lo ọ̀rọ̀ kan náà ṣáájú rẹ̀. Ohùn karùn-ún ni wọ́n fi ń pè, bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn náà kì í sinmi. Ọ̀dọ̀ ohùn kìíní ló máa ń fẹ́ padà sí. (Lọ́dọ̀ àwọn onídùndún, ìyá ni wọ́n pe ìlù tó ń darí, wọn kò pè é ní ọba.)

Inú ẹ̀jẹ̀ ni àṣìṣe náà ti ń pa ènìyàn lára. Ẹni tó jẹ́ AS kì í sábà ṣàìsàn, nítorí náà àwọn kan ń sọ pé A ti borí, S kò já mọ́ nǹkan. Ní 1949, James Neel fi hàn ní Amẹ́ríkà pé àwọn òbí ọlọ́mọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ló ń gbé S pamọ́ sára. Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Ìṣirò ọgbà Mendel gan-an nìyẹn. S yìí kan náà ló ń dáàbò bo AS lọ́wọ́ ibà tó le, gẹ́gẹ́ bí Anthony Allison ti kọ ọ́ ní 1954; ìdí nìyẹn tí kò fi tán nílẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí. Ojú kò lè rí i lára ẹni tó gbé e. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń rí i, kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé.