Etí Mẹkáníìkì: Ìmọ̀ Ìró Ẹ́ńjìnì Tó Ń Parẹ́ ní Agbègbè Atakpamé

Etí ni Yorùbá fi sọ àwọn ọkọ̀ kan lórúkọ. Alùpùpù gba orúkọ rẹ̀ láti inú ìró tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń lù. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gba tirẹ̀ nítorí pé ńṣe ló ń yọ́ kọjá kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì agbègbè Atakpamé ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ ń lọ, gbogbo ojú ló rí i. Ìmọ̀ tó ń gbé inú etí àwọn tó ń tún un ṣe náà ń lọ, èyí ni ojú kò sì rí.

Atakpamé wà ní Tógò, ní nǹkan bí 160 kìlómítà sí àríwá Lomé, lójú ọ̀nà Nationale 1 tó ti etíkun lọ dé Cinkassé lẹ́bàá Burkina Faso. Àwọn Ifẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, tí ìtàn wọn sì tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀, wà lára àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Àárín òkè ni ìlú náà wà. Ọ̀nà tó lọ sí Badou ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí kọfí àti kòkó ti ń wá, kún fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti kọ́ńà. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì pa àrùn mọ́ra. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ọkọ̀ tí ara rẹ̀ kò dá lè díbọ́n; bó bá gbé ẹrù dojú kọ òkè, àṣírí á tú.

Peugeot ni ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ etí ibẹ̀ fi kọ́ṣẹ́. 404 jáde lọ́dún 1960, 504 tẹ̀ lé e lọ́dún 1968. Èyí tí wọ́n ṣe nínú 504 nìkan ju mílíọ̀nù 3 lọ. Èyí tó gùn lẹ́yìn, tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, ló ń kó èrò láti ìlú dé ìlú. Èyí tí wọ́n ta tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní bâchée, ló ń kó ẹrù oko. Bí wọ́n ṣe ṣe ẹ́ńjìnì wọn ló mú kí ó ṣeé gbọ́. Nínú ti dísẹ́ẹ̀lì, atẹ́gùn tí pístìnnì fún mọ́ra á gbóná débi pé epo tí wọ́n fín sí i á gbiná fúnra rẹ̀. Bí epo náà bá pẹ́ kó tó gbiná, ìró náà á le, á sì gbẹ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tún àlàfo fáàfù ṣe: bó bá fẹ̀ jù, ìró tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sáré á máa ti òkè ẹ́ńjìnì wá. Bí bẹ́árìn bá ti jẹ, ìsàlẹ̀ ni ìró ti ń wá, ó wúwo, ó dà bí ọmọ odó tó ń gún odó òfìfo. Mẹkáníìkì á gbé ẹnu irin gbọọrọ kan lé ara ẹ́ńjìnì, á fi ìdí rẹ̀ ti etí, á sì mọ ibi tí àrùn wà kó tó tú nǹkan kan.

Nítorí náà, àṣìṣe ni láti ka ìfẹ́ tí àwọn awakọ̀ ní sí ọkọ̀ àtijọ́ sí agídí lásán. Ẹni tó ti wa ọkọ̀ kan fún ogún ọdún mọ ohùn rẹ̀ bí òbí ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ. Bó bá fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, ó fi ogún ọdún ìgbọ́ràn sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ìpẹ̀yìndà náà kò dé lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀ Faransé dáwọ́ ṣíṣe ọkọ̀ èrò 504 dúró lọ́dún 1983. Kàdúná, níbi tí wọ́n ti ń tò ó ní Nàìjíríà, ń ṣe é lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà kí òun náà tó jáwọ́. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà ṣọ̀wọ́n díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń gba èbúté Lomé wọlé sì gba ipò rẹ̀. Nínú ìwọ̀nyí, kọ̀ǹpútà ló ń pinnu ìgbà tí epo á wọlé àti bí yóò ṣe pọ̀ tó. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, àlàfo fáàfù ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ìró tó jẹ́ ìkìlọ̀ tẹ́lẹ̀ di iná pupa níwájú awakọ̀, irin tí wọ́n fi ń ti etí sì di ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí àwọn elédè Faransé ń pè ní valise.

Ó tọ́ kí a gbà pé ìyípadà yìí ní èrè. Lọ́dún 2012, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa àrùn náà. Lọ́dún 2020, ECOWAS fi ọdún 5 ṣe òpin ọjọ́ orí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n lè kó wọlé. Ìdí wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àyẹ̀wò ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kìkì ohun tí àwọn ẹ̀yà tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnì bá ròyìn fún un ló lè sọ. Bẹ́árìn tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ sábà máa ń wà láìní aṣọ́nà kankan. Etí ló ń tètè mú un. Iṣẹ́ etí kò tíì tán, ẹni tó ń kọ́ ọ ló ń tán. Ọmọṣẹ́ tó kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń ka nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ kì í ní sùúrù láti dúró ti ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́, kí ó sì fetí sí i títí ìró kan á fi yà kúrò lára èkejì. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó dúró tì í nìkan ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wá, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì ń gbà.

Alùpùpù lè dà bí ibi ìsádi, nítorí zémidjan, ìyẹn alùpùpù tó ń kó èrò, pọ̀ káàkiri Tógò, ẹ́ńjìnì wọn sì wà ní gbangba. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2022 ni alùpùpù oníná ti ń rìn lójú pópó Tógò. Kò lu pùpù kankan. Ó mú orúkọ náà lọ, ó sì fi ìró tó bí orúkọ sílẹ̀.

A lè gba ìró 504 sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó sì yẹ kí ẹnì kan tètè ṣe é. Ohun tí ìró náà ń wí ni kò ṣeé gbà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni ìbànújẹ́ ọ̀rọ̀ yìí: pé bâchée kan á máa gòkè Badou lálẹ́, arúgbó mẹkáníìkì á gbọ́ ọ láti orí ẹní, á sọ pé èyí kò ní dé, ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á tẹ́tí gan-an, kò sì ní gbọ́ ju ariwo ọkọ̀ lọ.