Ìṣàn omi nínú asẹ́ àdánidá

Ìṣàn omi nínú asẹ́ àdánidá ni bí omi ìdọ̀tí ṣe ń gba àárín yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, èédú, èèpo àgbọn tàbí èèpo èkùrọ́ kọjá nígbà tí a bá ń sẹ́ ẹ kí a tó dà á sódò tàbí sórí ilẹ̀. Àwọn ohun èlò wọ̀nyí kò wọ́n, ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí wọ́n fọ omi mọ́ tó, asẹ́ tí omi kò rí ọ̀nà gbà kọjá kò wúlò.

Òfin Darcy

Henry Darcy, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ìlú Dijon ní ilẹ̀ Faransé, da omi gba inú ọ̀pá irin tí ó kún fún yanrìn, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1856. A máa ń kọ òfin rẹ̀ báyìí:

Q = K × A × (h₁ − h₂) ÷ L

Q ni iye omi tí ó kọjá láàárín àkókò kan. A ni fífẹ̀ ojú asẹ́. H₁ − h₂ ni ìyàtọ̀ láàárín gíga omi lókè àti nísàlẹ̀. L ni nínípọn asẹ́. K ni ìwọ̀n bí ohun èlò náà ṣe ń gba omi láàyè tó. Fún òkúta wẹ́wẹ́, K lè tó sẹ̀ǹtímítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún yanrìn, ó sábà máa ń wà láàárín 0.001 sí 0.1, ti amọ̀ kéré débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọjá rárá. Ní ọdún 1892, Allen Hazen ní Massachusetts fi hàn pé àwọn hóró tí ó kéré jù nínú yanrìn ni ó ń darí K: bí wọ́n bá tóbi ní ìlọ́po méjì, ìṣàn á pọ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin.

Àwọn aláró ilẹ̀ Yorùbá ń lo irú ìṣàn yìí nígbà tí omi bá ń kán gba inú eérú láti ìkòkò tí a lu nídìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ó wà nínú eérú ni wọ́n ń wá, kì í ṣe omi mímọ́.

Dídí asẹ́

K kì í dúró sójú kan. Pàǹtí inú omi ń dí àlàfo àárín àwọn hóró, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ ìdọ̀tí náà sì ń ya bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ bo ara wọn. Èèpo àgbọn ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń wà pọ̀. Ó tún máa ń pa omi láró ní ìbẹ̀rẹ̀. Èédú ń rún, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sì ń dí ìsàlẹ̀ bí a kò bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Èèpo èkùrọ́ le jù wọ́n lọ.

Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kókó jù wá láti Jámánì. Reinhold Kickuth gbin koríko etí odò sínú erùpẹ̀ lásán, ó ní gbòǹgbò wọn yóò la ọ̀nà fún omi bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ní Denmark àti Bìrìtìkó, níbi tí wọ́n ti kọ́ irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, K kò pọ̀ sí i bí ó ti wí. Orí ilẹ̀ ni omi ń ṣàn gbà, láìsí sísẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n wá fi rọ́pò erùpẹ̀.

Nítorí náà, wíwọn K lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ohun èlò ṣì mọ́ kò tó. Ó yẹ kí a tún un wọ̀n lẹ́yìn oṣù mélòó kan pẹ̀lú omi ìdọ̀tí gan-an. Ìsinmi náà ń ṣèrànwọ́. Ní ilẹ̀ Faransé, a máa ń pín asẹ́ oníkoríko sí mẹ́ta: ọ̀kan á gba omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, lẹ́yìn náà á sinmi fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ohun tí ó dí i lè gbẹ kí ó sì jẹrà.