Ọgbà, Odi àti Fẹ́ǹsì: Ìtàn Tí Ó Wà Nínú Ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin olùwòran wa, ohun tí ojú gbogbo wa ń rí lójoojúmọ́ ni a gbé wá sórí ètò lónìí: ohun tí a fi ń yí ilé, oko tàbí ìlú ká. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ orúkọ rẹ̀ ní èdè Yorùbá, ó lè wí pé ọgbà ni. Ẹlòmíràn yóò ní odi ni. Bíríkìlà tí ń to búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó sọ pé fẹ́ǹsì ni. Kò sí èyí tí ó ṣì í sọ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó bá tọpa wọn dáadáa yóò rí bí ọ̀nà tí a gbà ń bá ara wa gbé ṣe ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọgbà. Ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí ohun tí ó yí nǹkan ká, ó sì tún ń tọ́ka sí ohun tí a yí ká. Bí àgbẹ̀ bá gbin lápálápá yí ilẹ̀ rẹ̀ ká kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ̀fọ́, ọgbà ni lápálápá náà. Ilẹ̀ tí ẹ̀fọ́ wà, ọgbà ni òun pẹ̀lú. Láti inú ìtumọ̀ kejì yìí ni a ti rí ọgbà ẹranko, ọgbà ilé-ìwé àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 2019, òfin yí orúkọ iléeṣẹ́ tí ń bójú tó ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà padà, síbẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó ṣì wà lẹ́nu ará ìlú. Bí àgbàlagbà bá sì gbàdúrà pé kí Olódùmarè sọgbà yí wa ká, kì í ṣe ògiri ni ó ń tọrọ, ààbò ni.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Ìkéjì-Arákéjì, lójú ọ̀nà tí ó lọ láti Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ní ọdún 1928, ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà ni Joseph Ayo Babalola ń wà ní agbègbè yìí. Ibẹ̀ ni Ìjọ Àpósítélì Krístì gbà pé Ọlọ́run ti pè é sí iṣẹ́ ìwàásù. Yunifásítì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2006. Ibi tí ó jẹ́ ojú ọ̀nà gbalasa fún ẹnikẹ́ni tí ń kọjá ti di inú ọgbà lónìí.

Odi ju ọgbà lọ. Ìlú ni ó máa ń ní odi. Ẹnì kan kì í dá a mọ. Yàrà ni a ń wà, erùpẹ̀ tí ó ti inú rẹ̀ jáde ni a sì ń mọ di odi. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Erédò Sùngbọ́ gùn tó nǹkan bí kìlómítà 160, àwọn ibì kan sì wà níbẹ̀ tí ó tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún 1826, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi ìlú náà ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20, ó sì ní ibodè 10. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan a máa sọ pé láti inú "dí" ni "odi" ti wá, nítorí pé odi ń dí ọ̀nà. Kí wọ́n fara balẹ̀: ohùn òkè ni "dí" ní, ohùn àárín sì ni "odi" fi parí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó jọ ara wọn ni ó bá ara wọn tan.

Iléṣà náà ní odi àti yàrà. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn dó ti ìlú náà títí wọ́n fi kó o ní ọdún 1870. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn Ìjẹ̀ṣà kò gbẹ́kẹ̀ lé odi mọ́; wọ́n bá àwọn Èkìtì àti àwọn mìíràn da ọwọ́ pọ̀ ní Èkìtìparapọ̀, pẹ̀lú Ògèdèǹgbé gẹ́gẹ́ bí olórí ogun. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886, àwọn ọmọ ogun sì tú ká ní 1893. Àwọn tí odi ìlú wọn wó ti di odi fún ara wọn.

Nígbà tí ogun parí, kò sí ẹni tí ó tún ń tún odi ṣe. Òjò wó o, pàǹtírí kún yàrà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kú. Títí di òní, ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yìn odi ni a ní ó wà. Oníbodè tí ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò lẹ́nu ibodè ìlú ti lọ. Aṣọ́bodè ni ó jókòó sí ipò rẹ̀ ní ẹnu ààlà orílẹ̀-èdè.

Kí ni ó wà láàárín ilé kan sí èkejì nígbà tí odi ṣì wà? Agboolé ni. Ẹ̀yìn yàrá gbogbo wọn ni ògiri rẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé, àgbàlá kan náà ni wọ́n jùmọ̀ ń lò. Nígbà tí owó kòkó àti owó òṣómàáló wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, olè onípọn-ọ́n-ún di púpọ̀, tí ìjọba ológun fi gbé òfin kalẹ̀ ní ọdún 1970 pé ikú ni ìjìyà adigunjalè. Láti ìgbà náà ni ògiri àyíká ilé ti ń ga sí i, tí àfọ́kù ìgò àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún sì ń gun orí rẹ̀. Èyí ni a ń pè ní fẹ́ǹsì.

Kí ló dé tí a fi yá ọ̀rọ̀, nígbà tí a kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀? Èrò tèmi ni pé nǹkan náà yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀. Odi a máa rán wa létí ìlú tí ó wà nínú rẹ̀. Agboolé a máa rán wa létí ẹbí. Ọgbà a máa rán wa létí ohun tí a ń tọ́jú. Fẹ́ǹsì kò rán wa létí ohunkóhun bí kò ṣe búlọ́ọ̀kù àti ẹni tí a kò fẹ́ kí ó wọlé. Ẹni méjì lè gbé ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún ọdún 10 kí ọ̀kan má mọ orúkọ èkejì.

N kò sọ pé kí a wó fẹ́ǹsì. Ẹni tí olè ti wọlé tọ̀ rí kò ní í gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Nígbà tí àwọn kan ń dá oko sínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń gé igi ibẹ̀, Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣọ̀nà bí Adébísí Àkànjí fi sìmẹ́ǹtì ṣe ògiri àti ẹnu ọ̀nà tí ó kún fún iṣẹ́ ọnà. Ìjọba kéde igbó náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sára ibi ogún àgbáyé ní 2005. Sìmẹ́ǹtì ni ògiri ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti fẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú ni ó ń ṣọ́. Ọgbà gidi ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n há wọn sórí gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ kan náà. Ẹ ní kí wọ́n béèrè nípa ògiri kọ̀ọ̀kan: ta ni ó wà nínú rẹ̀, kí sì ni wọ́n jọ ń tọ́jú? Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìṣọ̀kan àwọn tí ń bẹ nínú ilé ni kì í jẹ́ kí ògiri lanu. Búlọ́ọ̀kù nìkan kò lè ṣe é. Ó dìgbà kan ná.