Ìfojúbù Iṣẹ́: Láti Etí Omi Borokiri dé Ìdí Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ọ̀rọọrún. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́dọ̀ sọ ṣáájú pé iṣẹ́ báyìí yóò gba ọjọ́ báyìí àti owó báyìí. Nínú àròkọ yìí, a ó wo ìdí tí irú ìfojúbù bẹ́ẹ̀ fi ń ṣìnà.

Borokiri wà ní ìkángun gúúsù Port Harcourt, ìlú tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ nítorí èbúté àti ojú irin, tí a sì sọ lórúkọ ní ọdún 1913. Omi àti àbàtà ni ó yí i ká. Èbúté tí kò jìnnà sí i ni àwọn èrò ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Bonny, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sí ọ̀nà ilẹ̀ tí ó dé ibẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Òṣínbàjò, Igbákejì Ààrẹ nígbà náà, ṣí iṣẹ́ ọ̀nà àti afárá láti Bodo dé Bonny. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 120 náírà ni a fojú bù ú sí. Ilé-iṣẹ́ gáàsì NLNG gbà láti san ìdajì. Julius Berger ni agbaṣẹ́ṣe. Kí ọdún 2022 tó parí, iye náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di bílíọ̀nù 200. Ní ọdún 2024, ìjọba àti agbaṣẹ́ṣe ṣì ń jiyàn lórí owó. Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá oníṣòwò tí ó ń lọ sí Bonny kò yéé san owó ọkọ̀ ojú omi, kò sì yéé bẹ̀rù ìjì.

Ṣé àwa Yorùbá kò mọ iṣẹ́ í fojú bù ni? A mọ̀ ọ́n dáadáa. Ebè ni àwọn bàbá wa fi ń díwọ̀n oko, wọn a sì máa kà á ní igba, igba. Àgbẹ̀ mọ iye ebè tí òun lè kọ kí oòrùn tó kan àtàrí. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, a bẹ ọ̀wẹ̀ tàbí kí a dá àáró. Bí ogún ènìyàn bá dé, iṣẹ́ á yá. Ìdí ni pé ebè kan jọ èkejì, ẹni tí ó ń kọ tirẹ̀ kò sì ní láti bi aládùúgbò rẹ̀ léèrè ohunkóhun.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ó rí báyìí. Ní ọdún 1964, ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà kéde ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà System/360. Frederick Brooks ni ó ṣe olórí àwọn tí ó kọ́kọ́ ń kọ ètò tí yóò máa darí ẹ̀rọ náà. Nígbà tí iṣẹ́ náà gbóná jù, ènìyàn tí ó lé ní 1,000 ni ó wà lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀, ó pẹ́ kọjá àdéhùn. Ní ọdún 1975, Brooks tẹ ìwé kan jáde, ó sì ṣàlàyé níbẹ̀ pé bí a bá da ènìyàn púpọ̀ sí i sórí irú iṣẹ́ tí ó ti pẹ́, ńṣe ni yóò tún pẹ́ sí i. Ẹni tuntun gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni àtijọ́, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ara wọn yé. Láàárín ènìyàn 5, ọ̀nà ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ní méjì méjì jẹ́ 10. Láàárín ènìyàn 10, ó di 45. Níhìn-ín ni àgbájọ ọwọ́ kò ti tó láti fi sọ̀yà.

Ní ọdún 1981, Barry Boehm gbé ìlànà ìṣírò kan jáde láti inú iṣẹ́ 63 tí ó yẹ̀ wò. Ó fi hàn pé bí ètò bá di ìlọ́po méjì, làálàá rẹ̀ a máa ju ìlọ́po méjì lọ. Ó tún fi hàn pé ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ohun tí a fojú bù lè fi ìlọ́po mẹ́rin ju òtítọ́ lọ, tàbí kí ó jẹ́ ìdámẹ́rin rẹ̀ péré. Bí iṣẹ́ bá ṣe ń yéni sí i ni àṣìṣe náà ń dínkù.

Nítorí náà, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí nínú pé iye àkọ́kọ́ ṣìnà. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà ni kí a sọ ọ́ di ìbúra, kí a má sì tún un wò títí owó yóò fi tán. Ẹni tí ó bá sọ iye kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sọ ibi tí ó lè ga dé àti ibi tí ó lè kéré mọ. Kí ó sì tún un ṣírò ní gbangba bí ilẹ̀ ti ń mọ́ sí i. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa tí a ó máa ṣètò ẹ̀kọ́ fún sáà kan gbáko kí a tó rí ojú ọmọ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Bí babaláwo tí ó mọ Ifá bá ń padà sídìí ọpọ́n ní ọ̀rọọrún, kí ni ó dé tí àwa yóò fi ṣe ìṣírò lẹ́ẹ̀kan péré?