Abéèrè Kì í Ṣìnà: Gamkalley Nínú Máàpù àti Ìwé Ìkànìyàn

Abéèrè kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bi àti ohun tí a bi í ló ń pinnu ibi tí a ó já sí. Ẹni tó ń wá ìtàn àdúgbò lórí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká wo Gamkalley ní Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀r. Etí Odò Ọya ló wà, Odò Ọya kan náà tó ń ṣàn wọ Nàìjíríà. Abúlé àwọn ẹ̀yà Zarma ni kí ìlú ńlá tó yí i ká. Ọdún 1926 ni àwọn Faransé gbé olú-ìlú kúrò ní Zinder wá sí Niamey, láti ìgbà náà ni èrò ti ń ya wọ̀lú. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1988, Niamey kò tíì tó 400,000 èèyàn. Ní 2001, ó ti tó nǹkan bí 700,000. Ní 2012, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Iye yìí sọ pé èrò dé, kò sọ irú ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé lé. Àwòrán àtijọ́ ló lè tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí. Sátẹ́láìtì Corona tí Amẹ́ríkà fi ń ṣe amí ya àwòrán ilẹ̀ káàkiri ayé láti 1960 sí 1972. Ọdún 1995 ni wọ́n tú àwọn àwòrán náà sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá rí ti agbègbè rẹ̀ níbẹ̀ lè fi QGIS, ètò kọ̀ǹpútà fún máàpù tí a kì í sanwó fún, tẹ́ ẹ sórí máàpù OpenStreetMap òde òní. Kó má ṣe fi etí omi so àwòrán méjèèjì pọ̀ o! Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni odò náà ń kún ní Niamey: omi pupa ní àsìkò òjò, omi dúdú tó ń ti òkè odò bọ̀ ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tí omi dé lónìí kọ́ ló dé lóṣù tó ń bọ̀. Ìkòríta àtijọ́ ló dájú jù.

Lẹ́yìn ìkànìyàn 2012, iléeṣẹ́ ìṣirò Nìjẹ̀r tẹ ìwé kan jáde tó to orúkọ ìlú àti abúlé, iye agboolé àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí ilẹ̀. Ẹni tó bá ń wá Gamkalley nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wá Gamkallé àti Gamkalé pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò rò pé kò sí níbẹ̀.

Síbẹ̀, akànìyàn kì í béèrè ẹni tó gbẹ́ kànga àkọ́kọ́. Kwaara koy, ìyẹn baálẹ̀ àwọn Zarma, àti àwọn tó ti ń ṣe awọ ní Gamkalley tipẹ́ ni ká bi. Ó dá mi lójú pé máàpù tí a kò gbé dé iwájú wọn kò tíì parí.

Ẹ tẹ máàpù àdúgbò yín sórí bébà, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá àwọn ìyá àti bàbá àgbà, kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí i, kẹ́ ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún 2006 ni Nàìjíríà ka èèyàn kẹ́yìn. Ẹ má dúró de òmíràn.