Wíwá òbí àti ọmọ ìyá baba ńlá ẹni nínú àkọsílẹ̀ ìdílé

Wíwá òbí àti ọmọ ìyá baba ńlá ẹni ni iṣẹ́ títọ ipa àwọn tó bí ẹni àtijọ́ kan, àti àwọn tó bá a jáde láti inú kan náà, nínú orúkọ, oríkì, ìwé àti ẹjọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tó gbáyé kí míṣọ́nnárì tó dé kò fi ìwé ìbí sílẹ̀, síbẹ̀ ohun tó kù pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe rò lọ. Ohun tó máa ń sọnù jù nínú rẹ̀ ni orúkọ ìyá. Bẹ́ẹ̀, nínú agboolé olóbìnrin púpọ̀, ìyá ni a fi ń mọ ọmọ ìyá yàtọ̀ sí ọmọ bàbá.

Orúkọ àti oríkì

Orúkọ àmútọ̀runwá máa ń sọ nípa ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ìwé kò dárúkọ. Táíwò àti Kẹ́hìndé ni ìbejì, Ìdòwú ló tẹ̀ lé wọn, Àlàbá ló tẹ̀ lé Ìdòwú. Bí ìwé ìrìbọmi bá gbé Ìdòwú jáde tí kò sí ìbejì kankan ṣáájú rẹ̀, kí olùwádìí má ṣe kánjú kọjá: ìyá náà ti bí ìbejì rí, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti kú kí àlùfáà tó dé ìlú. Babátúndé ń fi hàn pé bàbá àgbà kan ti kú kí wọ́n tó bí ọmọ náà, Yétúndé ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìyá àgbà. Orúkọ oríkì bí Àjàní àti Àdùnní á sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ẹni tí ìwé kò ṣàlàyé. Oríkì orílẹ̀ ní tirẹ̀ á darí olùwádìí sí ìlú tí ìran náà ti ṣẹ̀ wá.

Ìṣọ́ra kan wà níbí. Ẹni tí àwọn àgbà ń pè ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò baba ńlá lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi àgbà ni bóyá wọ́n jọ mu ọmú kan náà.

Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àti ìwé ìjọba

Èkó ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀, ní ọdún 1863. Òfin tó sọ ọ́ di dandan káàkiri Nàìjíríà jáde ní 1979, òmíràn sì rọ́pò rẹ̀ ní 1992. Nítorí náà, fún àwọn tí a bí ní ìgbèríko ṣáájú ìgbà yẹn, ìwé ìrìbọmi ló sábà máa ń wúlò jù.

Ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó wà lábẹ́ òfin ìgbéyàwó Èkó ti 1884. Àyè wà nínú ìwé yìí fún orúkọ ọkọ àti ìyàwó, iṣẹ́ wọn, ibi tí wọ́n ń gbé, orúkọ bàbá ẹnì kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ bàbá náà. Kò sí àyè fún ìyá. Tí ọkùnrin méjì tó ṣègbéyàwó ní ìjọ kan náà bá kọ orúkọ bàbá kan náà àti iṣẹ́ kan náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ọmọ bàbá kan. A kò tíì lè sọ pé ọmọ ìyá kan ni wọ́n.

Ilé Àkójọ Ìwé Àtijọ́ ti orílẹ̀-èdè, èyí tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ni ìwé ìjọba amúnisìn ti apá ìwọ̀-oòrùn wà. Ìwé CMS (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà ní Yunifásítì Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdílé Àjàyí Crowther

Ìdílé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn ìdílé tí ogun tú ká ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tí a ní àkọsílẹ̀ tó kún nípa wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì, ọdún 1837, Crowther kọ lẹ́tà sí William Jowett, akọ̀wé CMS, nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Nínú rẹ̀ ló ti ka àwọn tí wọ́n kó pọ̀: òun, ìyá rẹ̀, àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí èyí àbúrò jẹ́ ọmọ nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, àti ọmọ ìbátan wọn kan. Bàbá ní kí wọ́n sá, òun sì padà sójú ìjà; Crowther gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó kú sógun. Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti fi Crowther fúnra rẹ̀ ṣe pààrọ̀ ẹṣin. Fún olùwádìí, lẹ́tà yìí ti fúnni ní òbí méjèèjì, ọmọ ìyá, ọjọ́ orí àti ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà.

Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon gba Crowther kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, ọdún 1822, ó sì gbé e lọ sí Freetown. Àwọn akọ̀wé ibẹ̀ máa ń kọ orúkọ, ọjọ́ orí, gíga àti ilà ara ẹni tí a tú sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ orúkọ òbí. Àkójọ African Origins tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti kó orúkọ ènìyàn tó lé ní 91,000 jọ láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Freetown àti Havana. Ìdílé tó mọ ilà ojú àti orúkọ abísọ baba ńlá rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, ọdún 1846, Crowther tún fojú kan ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì, ọdún 1848, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ìpàdé yìí àti ìrìbọmi yìí ló jẹ́ kí orúkọ ìyá yìí wọ inú ìwé.

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé sọ pé Àfàlá jẹ́ ìran Aláàfin Abíọ́dún. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìtàn ìdílé kì í sábà ṣàìní ìdí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà 1837, tó jẹ́ ẹ̀rí tó súnmọ́ ọ̀rọ̀ náà jù, kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ó sàn kí a pè é ní ohun tí ìdílé gbà gbọ́. Ọdún ìbí Crowther náà kò dọ́gba nínú ìwé: àwọn kan sọ 1806, àwọn mìíràn 1809.

Ẹjọ́ ogún

Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940 láìṣe ìwé ìpíngún. Ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹjọ́ tí àwọn ọmọ náà bá ara wọn ṣe dé ìgbìmọ̀ ọba ní London, wọ́n sì dá a ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà, ìyẹn ni pé kí wọ́n pín ogún sí mẹ́rin ní iye àwọn ìyá. Àwọn tó fẹ́ orí-ò-jorí ìbá ti pín in sí mẹ́sàn-án ní iye àwọn ọmọ. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì fún olùwádìí, torí agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ to àwọn ọmọ sábẹ́ ìyá wọn, ohun tí ìwé ìgbéyàwó kì í ṣe.

Ofosu

Ìwé ìdílé kì í fìgbà gbogbo wà níbi tí ìdílé ń gbé, Ofosu sì jẹ́ àpẹẹrẹ. Ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, ní ojú títì Ọ̀rẹ̀ sí Benin, nítòsí ààlà ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ilẹ̀ igbó àti kòkó ni, àwọn àgbẹ̀ sì ti ibòmíràn wá dáko níbẹ̀. Nítorí náà, ìwé ìbí bàbá àgbà ará Ofosu lè wà ní ìlú mìíràn pátápátá. Ohun tó lè tọ́ka sí ìlú náà ni ìwé àdéhùn oko, rìsíìtì ìṣákọ́lẹ̀, káàdì ìjọ àti ìwé ètò ìsìnkú tó to ẹ̀gbọ́n àti àbúrò olóògbé. Ẹlẹ́rìí tó fọwọ́ tẹ ìwé àdéhùn náà sì lè jẹ́ ọmọ ìyá àgbẹ̀ náà.

Kí ìdílé tó ní irú ìwé wọ̀nyí nínú àpótí ya fọ́tò wọn, kí wọ́n sì jókòó ti àgbà wọn báyìí, kí wọ́n kọ orúkọ ìyá ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀.