Orúkọ, Nọ́ńbà àti Òfìfo: Láti Agboolé dé Inú Kọ̀ǹpútà

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, ìdílé tó ń fi Akin bẹ̀rẹ̀ orúkọ pọ̀. Akínọlá àti Akínwándé kò lóǹkà. Síbẹ̀, láyé àtijọ́, èyí kò da ìlú rú. Bí Akínọlá méjì bá wà ní àdúgbò kan, orúkọ baba, agboolé àti oríkì ni a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ a máa mọ ọba tó wà lórí oyè nígbà náà: Déjì ní Àkúrẹ́, Òṣemàwé ní Oǹdó.

Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú rẹ̀, ìwé àwọn tí akọ̀wé kò mọ agboolé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kún ọ́fíìsì. Orúkọ nìkan kò tó mọ́.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà náà ti bá irú ìṣòro yìí pàdé. Ní ọdún 1970, Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé bí a ṣe lè to ìsọfúnni sínú àtẹ. Ìlà kọ̀ọ̀kan yóò ní àmì tí ìlà mìíràn kò ní. Èyí ni primary key. Ó lè jẹ́ òpó kan, ó sì lè jẹ́ òpó mélòó kan tí a so pọ̀, bí orúkọ, baba àti agboolé. Kò gbọdọ̀ ṣófo láé. Ṣùgbọ́n òpó mìíràn lè gba òfìfo, tí wọ́n ń pè ní NULL. NULL kì í ṣe òdo. Ohun tó ń wí ni pé a kò mọ̀. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà kì í fi í ka NULL méjì sí ọgba. Ìyá arúgbó méjì tí a kò mọ ọjọ́ ìbí wọn, ta ni yóò sọ pé ọjọ́ kan náà ni a bí wọn?

Ní ọdún 2007 ni òfin dá àjọ NIMC sílẹ̀. Nọ́ńbà NIN, tó jẹ́ òǹkà 11, sì ni àmì ìdánimọ̀ wa báyìí. Bí obìnrin bá yí orúkọ padà nílé ọkọ, nọ́ńbà rẹ̀ kò yẹ̀. Ọjọ́ ìbí ni ọ̀rọ̀ kù sí. Bí òpó rẹ̀ kò bá gba òfìfo, akọ̀wé lè fi ọjọ́ 1 oṣù kìíní dí i, àbá yóò sì wọ aṣọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọba ni òfin ní kí ó fẹ̀yìn tì ní ẹni 60 ọdún. Ọjọ́ àfinúrò lè tipa bẹ́ẹ̀ gba oúnjẹ lẹ́nu ènìyàn.

Àwọn àgbà wa kò hùmọ̀ ọjọ́. Ìgbà ni wọ́n sọ. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń to àtẹ fún wa fi àyè sílẹ̀ fún òfìfo, kí ó sì fi òpó kan kún un fún ọba tó wà lórí oyè.